Aṣọ Tó Wà Lára Kúlà

Ògo ni fún Ọlọ́run tó ni èémí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí! Ẹ̀yin ará, ẹ fún mi ní halelúyà kan tí wọ́n á gbọ́ dé Òsóòrò! Halelúyà! Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ ń kọrin ọpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo rí i pé àwọn kan ń wò mí. Mo dúró gbagidi, ojú mi le, mi ò jó. Ẹ má rò pé aláìmoore ni mí. Ó nídìí, ẹ ó sì gbọ́ ọ. Mo tún rí i pé ẹ ń wo aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí mo fi bo àyà lórí sùtánà funfun mi. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Baba Wòlíì. Ìyẹn náà nídìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ yìí mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Fúnmi, ọmọ Àyèká, tó ń ta ẹja áísì nínú ọjà Okitipupa. Àtìgbà tí mo ti ṣe ọmọge ni mo ti ń kó ọwọ́ bọ fírísà. Kòtè ni, pánlá ni, ṣàwá ni. Ẹ wo èékánná mi, òtútù ti jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, ohun tí mo bá sọ nípa yìnyín níbí lónìí, ẹ gbà mí gbọ́.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ẹsẹ̀ mi á wú nírọ̀lẹ́, mo ní ìdúró ọjà ni. Nígbà tó yá, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kí n fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé ara dúró. Láti ilé mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí kò ju kí ènìyàn kọ orin méjì lọ, mo ń sinmi nígbà mẹ́rin. Fúnmi, àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló fà mí lọ sí ọsibítù. Dókítà wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní ọkàn mi ti fẹ̀, ó ti dẹ̀ bí àpò tí wọ́n lò gbó. Ó ní kò sí oògùn tó lè tún un ṣe mọ́, àfi kí wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, nínú ilé yìí ni mo ti fi ọkàn mi fún Jésù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, ibi tí Arábìnrin akọ̀wé jókòó sí yẹn ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo bi Fúnmi pé, tí wọ́n bá yọ ọ́, kí ni mo wá fún Jésù? Fúnmi ní, "Màámi, ẹran ara ni dókítà ń sọ, kì í ṣe ẹ̀mí." Mo ní mo gbọ́. Àmọ́ ọkàn ni Bíbélì mi pè é, ọkàn náà ni dókítà pè é. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìjọ yìí gbààwẹ̀ fún mi. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà bá wa rí ọsibítù kan níbẹ̀. Fisà tí wọ́n ti kọ̀ fún wa nígbà àkọ́kọ́ jáde nígbà kejì. Ẹ bá mi yin Olúwa lórí fisà yẹn ná! Èmi àti Fúnmi gbéra, a débẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìdúró yẹn burú, nítorí mo mọ ohun tí mò ń dúró dè. Mò ń dúró kí ẹnìkan kú. Tí mo bá fẹ́ gbàdúrà pé kó tètè dé, ẹnu mi á wúwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, òjò ńlá ń rọ̀ níta, fóònù dún. Wọ́n ní ọkàn ti wà. Ọkọ̀ ti gbá ẹnìkan ní ìlú míràn. Ọpọlọ orí rẹ̀ ti kú pátápátá, ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti gbà. Dókítà jókòó tì mí, Fúnmi ń túmọ̀. Ó ní wọ́n á fi oògùn dá ọkàn náà dúró, wọ́n á gbé e sínú òtútù, wọ́n á sì máa sáré bọ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ.

Mo ní, "Fúnmi, bi í léèrè, ṣé wọ́n á jẹ́ kó dì ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, tó bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní inú omi oògùn tútù ni wọ́n ń rì í sí, nínú ọ̀rá, wọ́n á tún fi ọ̀rá sínú ọ̀rá, kí wọ́n tó wá gbé e sáàárín yìnyín. Yìnyín fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fara kàn án. Mo mi orí. Ìyẹn yé mi dáadáa. Ẹja tí yìnyín bá fara kàn tààrà fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ á funfun, á gbẹ, bí ìgbà tí iná jó o ni. Inú mi dùn pé àwọn èèyàn yẹn mọ iṣẹ́ mi.

Nígbà tí wọ́n ń tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì lọ síbi iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀kùn kan ṣí níwájú wa. Àwọn méjì sáré jáde, wọ́n gbé nǹkan dání láàárín ara wọn. Ẹ̀yin ará, kúlà ni! Kúlà aláwọ̀ búlúù, ọmọrí funfun, irú èyí tí mo fi ń gbé ẹja gan-an. Wọ́n wé aṣọ pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí etí rẹ̀ ń dán mọ́ ọn lára, wọ́n so ó ní kókó. Mi ò ro nǹkan kan sí aṣọ yẹn. Èmi náà máa ń fi àpò wé kúlà mi kí yìnyín má baà tètè yọ́. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ṣíwájú mi wọlé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun nìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mo kí i. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Lẹ́yìn náà, mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Fúnmi ló sọ fún mi nígbà tó yá pé wọ́n ti yọ tèmi, wọ́n ti gbé e sínú àwo, kí wọ́n tó gbé ti inú kúlà wọ àyà mi. Fún àkókò yẹn, ẹ̀rọ ló ń bá mi ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Inú àyà mi ṣófo. Àwọn tó máa ń jẹ́rìí níbí máa ń rí nǹkan: ìmọ́lẹ̀, áńgẹ́lì, odò. Èmi ò rí nǹkan kan. Mi ò gbọ́ orin, mi ò lá àlá. Ìyẹn ló wá ń dẹ́rù bà mí ju ohun gbogbo lọ. Ọkàn kan nínú àwo, ọkàn kan nínú yìnyín, èmi dà?

Mo jí. Mo gbádùn. Mo rìn! Ẹ yin Olúwa! A padà sílé, ẹsẹ̀ mi ò wú mọ́, mo sì ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn bí ọba. Wọ́n fún mi ní oògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa lò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ọjọ́ ayé mi. Fúnmi ní ara mi mọ̀ pé àlejò wọlé, ó fẹ́ lé e jáde, oògùn yìí ló ń mú kí ara dákẹ́. Wọ́n ní kí n ṣì yẹra fún èrò, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ wo oko ẹ̀gẹ́ wa ní Àyèká. Mo ń lọ níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. Mo wolẹ̀, paramọ́lẹ̀ ni, ó ká jọ síbi tí mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé. Ojú mi rí i, ẹsẹ̀ mi fò sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n inú àyà mi, ẹ̀yin ará, kò sí nǹkan kan. Ó ń lù lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó jókòó tó ń rẹ́ ilá. Àyà mi ò já. Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ènìyàn rí ikú kí àyà rẹ̀ má já?

A sá dé ilé. A jókòó, a mu omi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fò bí ọ̀pọ̀lọ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ti lọ pátápátá. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì! Ó ń lu àyà mi láti inú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Mo jókòó sórí àga, ara mi balẹ̀, òun ń sá. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ta ni ẹ̀rù wá ń bà?

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé mi láyà, ó sì yára gbé e kúrò. Ó ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ yìí, ṣé wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un?"

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ṣáá. Wọ́n wá sọ fún mi pé Fúnmi ti lóyún, ilé dàrú fún ayọ̀, àyà mi dákẹ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, tí mò ń fọ abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó dà bíi pé mò ń bá ẹnìkan gbé tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti dìde. Tí mo bá sì yọjú sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí èrò ò pọ̀, tí mo ṣí fírísà, tí èéfín òtútù yẹn bá jáde sí mi lójú, á ṣe mí bíi pé ó mọ ibẹ̀. Mi ò lè kó ọwọ́ bọ inú rẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà ló ń mú ẹja fúnra wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n mú ìwé ìran wá fún mi láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àdúrà ló ríran. Ẹ mọ ètò wa, tí Ẹ̀mí bá gbé wọn, Arábìnrin akọ̀wé á máa kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi jíṣẹ́ fún ẹni tí kò sí níjókòó. Ìwé náà nìyí, mo mú un dání. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: *Iya Funmi. A ri obinrin kan leyin re. Irun re tutu. O n na owo si aya re. O n so pe, bo o, bo o. Ki o se kia.*

Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Èmi sì kà á: bọ́ ọ, bọ́ ọ. Bí ẹni ń sọ fún olè tó wọ aṣọ rẹ̀.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Olóhun ti dé. Ó ti tọ ẹsẹ̀ yìnyín yẹn láti Íńdíà dé Okitipupa, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú irun tútù, ó ń bèèrè ohun rẹ̀. Mo sunkún. Mi ò bínú sí i, nítorí tí ẹnìkan bá wọ aṣọ mi, èmi náà á ní kó bọ́ ọ. Àmọ́ báwo ni ènìyàn ṣe ń bọ́ ọkàn? Mo ronú kan oògùn. Tó bá jẹ́ oògùn ló ń pa ara mi lẹ́nu mọ́, kí n jáwọ́ níbẹ̀, ara mi fúnra rẹ̀ á dá a padà. Mi ò sọ fún Fúnmi. Mo kó gbogbo oògùn náà sínú ọ̀rá, mo tì í bọ ìsàlẹ̀ fírísà, lábẹ́ ṣàwá. Èrò mi ni pé inú yìnyín ni ọkàn náà ti wá, inú yìnyín ni kó padà sí.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀mí ara mi ni mò ń gbà, mo sì rò pé ìgbọràn ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kejì, bàtà fún mi lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo fara ti fírísà, mi ò lè mí délẹ̀. Kò dùn mí rárá. Ọkàn mi àtijọ́ máa ń ké tó bá ń jìyà. Èyí ń kú lọ, kò sọ fún mi. Wọ́n mú iná lọ, fírísà dákẹ́, ọjà náà sì dà bíi pé ó dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú etí mi, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé o ti ń lọ? Má bínú pé mo pẹ́."

Ìyá Àdúrà bá wọlé. Ẹja ni wọ́n wá rà o! Wọn ò wá jíṣẹ́ kankan, kòtè méjì ni wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé o ti bò ó?"

Etí mi ń hó, bọ́ ọ ni mo gbọ́. Mo ní, "Mo ti ń bọ́ ọ, Màámi. Ó ti fẹ́ tán."

"O ń ṣe kí ni?"

"Mo ń bọ́ ọ. Bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo ti jáwọ́ nínú oògùn."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Jésù! Ta ló ní kí o bọ́ nǹkan? *Bò ó* ni mo wí! Bò ó! Obìnrin yẹn mú aṣọ dání, ó nà án sí ọ. Ó ní òtútù ń mú un, kí o bá òun bò ó!" Wọ́n tú ìborùn orí wọn, wọ́n fi bò mí láyà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ghá, ọmọ mi, ghá. Wá síbí, má lọ síbì kankan."

Mo bi wọ́n pé irú aṣọ wo ni obìnrin yẹn mú dání. Wọ́n ní ó pupa bí ìyeyè, etí rẹ̀ ń dán bíi góòlù, ó fẹ́lẹ́, ó gùn bí ọ̀já. Gbogbo irun ara mi dìde. Aṣọ ara kúlà ni. Ẹ̀yin ará, mi ò sọ ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí láyé. Mi ò kà á sí nǹkan kan tí mo fi máa sọ ọ́.

Wọ́n pe Fúnmi. Fúnmi hú oògùn jáde lábẹ́ ṣàwá, ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó ń wá mọ́tò. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fa oògùn sí mi nínú iṣan fún ọjọ́ mélòó kan. Dókítà ní ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkàn náà jà, tí mo bá fi ọjọ́ díẹ̀ kún un, kò ní sí ohun tí àwọn lè ṣe. Ta ló rán Ìyá Àdúrà wá ra kòtè? Ẹ dá mi lóhùn! Ta ló rán wọn?

Nígbà tí ara mi silẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ aṣọ fún Fúnmi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màámi, mi ò fẹ́ sọ fún yín ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa rò ó kọjá bó ṣe yẹ." Ó ní nọ́ọ̀sì tó gbé kúlà ló sọ fún òun. Ìyá ẹni tó kú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù tí wọ́n ti gbé kúlà wá. Òjò ti pa á, gbogbo irun rẹ̀ rin. Nígbà tó rí i tí wọ́n ń da yìnyín sínú kúlà, ó bi wọ́n pé ṣé òtútù kò ní mú un. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tutù ni kó tó lè yè. Kò gbọ́. Ó bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n fi sínú kúlà, kí wọ́n fi bo ọmọ òun. Wọn ò lè gbà á láyè. Ó ń sunkún, àkókò ń lọ, ni wọ́n bá wé e mọ́ kúlà lára níta, kó lè jẹ́ kí wọ́n lọ.

Mo ní, "Aṣọ náà dà?"

Fúnmi ní wọ́n fẹ́ jù ú nù, òun bẹ̀ wọ́n gbà á, ó wà nísàlẹ̀ àpótí òun láti ọjọ́ tí a ti dé.

Òun nìyí, ẹ̀yin ará. Ẹ wò ó. Èyí tí mo fi bo àyà yìí ni.

Mo ti bá dókítà Íńdíà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní iṣan tó máa ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ wá sọ́dọ̀ ọkàn, wọ́n gé e, wọn kì í sì í so ó padà. Ìròyìn wá ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wá, bí ẹni fẹsẹ̀ rìn. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Ó ní kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ti dókítà, mo sì gba ti Ìyá Àdúrà.

Arábìnrin akọ̀wé, mi ò bá ọ jà o. Má sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n látòní lọ, jọ̀ọ́, àmì ọ̀rọ̀, máa fi sí i!

Ní ti ìrìbọmi, mo bi Baba Wòlíì. Wọ́n ní kò sí ìrìbọmi kejì. Wọ́n bi mí pé nígbà tí ọkàn kan wà nínú àwo, tí ìkejì wà nínú yìnyín, lọ́wọ́ ta ni mo wà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹni tí mo wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn ni mo ti fi ọkàn mi fún láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sọ mí nù. Mi ò mọ orúkọ ìyá yẹn, mi ò mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá gbé oògùn mì, mo máa ń gbé ọwọ́ lé aṣọ yìí, mo máa ń sọ fún un pé, Màámi, ó ti móoru.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Onílù, gbé orin ọpẹ́ kan tó le! Ẹ jó, ẹ má dúró dè mí. Mo máa dúró gbagidi bíi ti lẹ́ẹ̀kan, ẹ má wo ojú mi. Àmọ́ tí orin bá parí, tí onílù bá dákẹ́, tí gbogbo yín bá ti jókòó tán, tí ẹ wá rí i pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó lémi nìkan nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí n jókòó. Ìgbà yẹn ni ọkàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Àwa méjèèjì la ó sì jọ máa jó.